Òpó Ẹ̀rọ Ọtí fún Apọntí Ilé: Bí A Ṣe Ń Kàn Án, àti Ìdí Tí Ọtí Fi Ń Di Ìfófó Lẹ́nu Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ ń pọntí nílé káàkiri Òṣogbo, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru.

Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí ọtí pípọn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo àti ọtí ọkà bàbà ti wà nílé àwọn ìyá wa tipẹ́tipẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ọtí ìgbàlódé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà lọ́dún 1978. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé láti òkè òkun ní 1988, ọkà bàbà yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá padà wá bá. Nítorí náà, a kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní pípọn. Bíbù ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ọtí tí èèyàn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ́jú lè bàjẹ́ láàárín kẹ́ẹ̀gì àti ife, ọ̀nà tí kò ju mítà 3 lọ.

Òpó ẹ̀rọ ọtí ni òpó kúkúrú tó ń dúró lórí tábìlì tàbí lórí fìríìjì, tí rọ́bà ọtí gba inú rẹ̀ gòkè láti ibi kẹ́ẹ̀gì, tí ẹ̀rọ tí a fi ń bu ọtí sì wà lára rẹ̀ lókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kàn án ni pé kí ọtí dé ẹnu ẹ̀rọ pẹ̀lú òtútù kan náà tó fi kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì. Òpó tí kò bá lè ṣe ìyẹn, bó ti wù kó máa dán tó, ìfófó ni yóò máa bù fún yín. Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un: kẹ́ẹ̀gì tí mò ń wí kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì oníke tí a fi ń pọn omi tàbí tí a fi ń ra epo pupa. Kẹ́ẹ̀gì irin ni, èyí tó gba lítà 19, tó ní ẹnu méjì lókè: ọ̀kan fún gáàsì, ọ̀kan fún ọtí. Ike kò lè gba agbára gáàsì tí à ń sọ yìí. Yóò wú, yóò sì bẹ́.

Kí a tó mú ayùn àti dírìlì, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọtí. Gáàsì CO2 tó mú kí ọtí máa ta èèyàn lẹ́nu ti yòrò sínú rẹ̀. Bí ọtí bá ṣe tutù tó ni gáàsì yóò ṣe fara mọ́ ọn tó. Ọtí tó wà ní ìwọ̀n òtútù 4°C nílò nǹkan bí 12 psi (psi ni ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti nǹkan) lórí rẹ̀ kí gáàsì inú rẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́. Ní 10°C, ọtí yẹn gan-an yóò béèrè nǹkan bí 18 psi. Ní 25°C, ó ti lé ní 30. Ẹ wá fojú inú wo ọtí tó tutù ní 4°C, tí 12 psi ń tì jáde, tó wá wọ inú òpó irin kan tó ti wà nínú yàrá láti àárọ̀, ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, tí ooru yàrá ti di 32°C. Agbára tó dì í mú kò tó mọ́. Gáàsì yóò ya kúrò lára ọtí lójú kan náà, ohun tí yóò sì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni funfun pátápátá.

Ìdí nìyí tí ife àkọ́kọ́ fi máa ń hó ju ife kejì lọ. Ife àkọ́kọ́ ló ń fi ara rẹ̀ tu òpó lára. Tí ẹ bá rí i pé ife kìíní burú, ife kejì dára díẹ̀, ife kẹta kò léwu, tí ẹ sì dúró fún ogún ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ tún padà síbi tó ti wà, ẹ má ṣe fọwọ́ kan régúlétọ̀ tó ń darí agbára gáàsì. Òpó ló gbóná. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á rí ìfófó, á sì dín agbára gáàsì kù. Ó lè dà bí ẹni pé ó ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan gáàsì tó wà nínú ọtí yóò ti jáde sórí kẹ́ẹ̀gì, ọtí á sì di omi lásán lẹ́nu.

Ó yá, ká kan òpó wa. Ohun mẹ́ta ni a lè fi ṣe é níhìn-ín: páìpù irin tí kì í dógùn-ún, páìpù PVC, tàbí pákó. Páìpù irin ni gbogbo èèyàn fẹ́, torí pé òun ló jọ ti ilé ọtí. Ínǹsì 3 ni fífẹ̀ rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 40 ni gíga rẹ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà jó o mọ́ orí àwo irin onígun mẹ́rin tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 15, kí àwo náà nípọn tó mìlímítà 3 ó kéré tán, kí ihò bóòtù mẹ́rin sì wà lára rẹ̀. Tí àwo bá tín-ín-rín, òpó yóò máa mì nígbàkígbà tí èèyàn bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Ihò tí ọrùn ẹ̀rọ, ìyẹn páìpù kúkúrú tó so ẹ̀rọ mọ́ rọ́bà ọtí, yóò gbà kọjá sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 22 tàbí 23, ṣùgbọ́n ẹ wọn ọrùn tí ẹ rà kí ẹ tó lu ihò. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣóńṣó irin sàmì síbi tí ẹ fẹ́ lu, kí dírìlì má baà yọ̀. Ẹ rọra lu irin yìí, ẹ fi epo sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra dáadáa. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí irin lásán ni pé bí dírìlì bá ń sáré lórí rẹ̀ láìjẹ ẹ́, ojú ibẹ̀ yóò gbóná, yóò sì le koko, títí tí ẹnu dírìlì yóò fi kú. Àwọn tó ń sọ pé irin yìí kò ṣe é lu, eré dírìlì ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ìṣòro kejì páìpù ni pé ara rẹ̀ rí roboto, ìdí ọrùn ẹ̀rọ sì tẹ́jú. Ohun tó tẹ́jú kò lè jókòó dáadáa lára ohun tó rí roboto. Ẹ ó nílò wáṣà kan tí ojú kan rẹ̀ tẹ́jú, tí ojú kejì sì tẹ̀ bí ìbàdí páìpù. Ẹ lè fi ike líle gbẹ́ ẹ: ẹ lẹ páálí iyanrìn mọ́ ara páìpù náà fúnra rẹ̀, kí ẹ wá máa fi ike yín ha á títí yóò fi gba ìrísí rẹ̀.

PVC kò wọ́n, ooru kì í sì í tètè gba ara rẹ̀ kọjá bíi ti irin. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń là níbi tí a ti lu ihò, torí pé ojoojúmọ́ ni a ń fa ẹ̀rọ. Ẹ gbẹ́ igi kan sínú rẹ̀, kí nọ́ọ̀tì ọrùn ẹ̀rọ tẹ igi náà, kì í ṣe ike.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wá léèrè, pákó la ó mú. Òṣogbo ni a wà, ìlú àwọn agbẹ́gilére. Kò sí ìdí tí a ó fi máa du òpó irin nígbà tí ọwọ́ tó mọ igi wà ládùúgbò. Àpótí gígùn kan ni: pákó ìrókò tó nípọn sẹ̀ǹtímítà 2, inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, gíga rẹ̀ jẹ́ 45. Iwájú rẹ̀ tẹ́jú, nítorí náà ọ̀rọ̀ wáṣà tó tẹ̀ ti kúrò ńlẹ̀. Àyè wà nínú rẹ̀ láti di nǹkan tí kò ní jẹ́ kí òtútù sá lọ. Ẹ lu ihò ẹ̀rọ sí sẹ̀ǹtímítà 8 láti òkè. Ẹ̀yìn àpótí náà ni kí ẹ fi ìdè ṣe bí ilẹ̀kùn, torí pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè wọlé láti dì nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá fi ìṣó kan gbogbo igun rẹ̀ pa yóò fọ́ ọ lọ́jọ́ tí rọ́bà bá jò. Ẹ fi fánìṣì kun ún nínú àti lóde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí òtútù inú yóò máa fa ìrì sára igi, igi tó bá sì ń rin lójoojúmọ́ yóò jẹrà. Ọrùn ẹ̀rọ tí ẹ ó rà gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 3 ó kéré tán gùn ju nínípọn pákó lọ, kí nọ́ọ̀tì àti ìrù tí rọ́bà ń wọ̀ lè ráyè.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ omi. Inú ẹ̀rọ omi kún fún kọ̀rọ̀ àti ihò tóóró, gbogbo ibi tí ọtí bá sì ti yí gbì-ín ni gáàsì ti ń já kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ọtí a máa ṣí pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà inú rẹ̀ sì tọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ idẹ ti wọlé, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i gan-an. Ìlú Ọ̀ṣun la wà, Ọ̀ṣun afidẹrẹmọ. Idẹ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ lójú wa, kò sì sí ohun tó lè wuyì lára òpó ẹ̀rọ tó idẹ tí wọ́n rọ níhìn-ín. Ẹ fi ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ. Ẹ fi ṣe adé sórí òpó. Ẹ fi ṣe àwòrán ẹja tàbí abẹ̀bẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ọtí gba inú rẹ̀ kọjá. Idẹ tí a yọ́ láti ara àlòkù nǹkan sábà máa ń ní òjé nínú, ọtí sì kan: ìwọ̀n kíkan rẹ̀, ìyẹn pH, wà láàárín 4 àti 4.5, ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó ti pọ́n a sì máa lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kíkan a máa fa òjé jáde. Àwọn àgbà ní òjé ti dé ọwọ́ olóòṣà, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjé tó bá wọ ara èèyàn, kì í tètè jáde, pàápàá lára ọmọdé àti aláboyún. Tí ẹ̀rọ tí ẹ rà lọ́jà bá jẹ́ idẹ, tí kò sí irin tí kì í dógùn-ún, ẹ rẹ àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ sínú fínígà funfun ìlọ́po 2 àti háídírójìn pẹrọ́sáìdì 3% ìlọ́po 1, fún ìṣẹ́jú 5 sí 15, títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́ bíi bọ́tà. Tí omi náà bá ti ń di àwọ̀ ewé, ó ti pẹ́ jù. Èyí ń yọ òjé ojú idẹ nìkan; kò sọ idẹ àlòkù di ohun tó dára. Páìpù onísíńkì tí a fi ń fa omi wọlé náà kò gbọdọ̀ kan ọtí, torí pé kíkan ọtí yóò bó síńkì náà sínú ife.

Rọ́bà ọtí ni àwọn èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́. Ihò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹsì 3/16, ìyẹn bíi mìlímítà 4.8, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí a ṣe fún oúnjẹ. Rọ́bà tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń wọn ìtẹ́jú ilé yóò fi òórùn sínú ọtí. Kí ni gígùn rẹ̀? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mítà 3. Agbára 12 psi tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ní láti rẹ̀ lójú ọ̀nà kí ọtí tó dé ẹnu ẹ̀rọ, ihò tóóró inú rọ́bà ló ń mú un rẹ̀. Gíga náà ń jẹ nínú rẹ̀: gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30 tí ọtí bá gùn lọ sókè ń gba nǹkan bí ìdajì psi. Ẹni tó bá fi rọ́bà sẹ̀ǹtímítà 80 so kẹ́ẹ̀gì mọ́ òpó, torí pé wọ́n sún mọ́ra, yóò rí ọtí tó ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́. Ẹ ká rọ́bà tó kù sórí kẹ́ẹ̀gì nínú fìríìjì, kì í ṣe sínú òpó tàbí síta. Kí ẹ wá dán an wò pẹ̀lú aago: ìdajì lítà gbọ́dọ̀ kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 10. Tó bá ń kún ní 5, ẹ fi rọ́bà kún un. Tó bá ń lé ní 15, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 15 kúrò, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Gígé kò le. Rọ́bà tí a gé jù ni kò ṣe é so padà.

Tí rọ́bà bá le láti wọ ìrù ọrùn ẹ̀rọ, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, yóò rọ̀. Ẹ fi kílíìpù dì í. Ẹ má fi epo yọ́ ọ rárá, torí pé epo a máa pa orí ọtí. Ife yín kò ní ní funfun tó yẹ kó ní.

Ọ̀rọ̀ òtútù inú òpó ló kàn, òun sì ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni páìpù bàbà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe AC, ẹ ra páìpù bàbà ínǹsì 5/8, gígùn rẹ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà 80. Ẹ ki rọ́bà ọtí bọ inú rẹ̀, kí ìdajì páìpù náà wà nísàlẹ̀ nínú fìríìjì, kí ìdajì kejì gòkè nínú òpó títí dé ibi ọrùn ẹ̀rọ. Bàbà a máa tètè gbé òtútù láti ibì kan dé ibòmíràn, ọtí kò sì fọwọ́ kàn án. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ AC yẹn náà, ẹ ra rọ́bà dúdú wúlewúle tí wọ́n fi ń wé páìpù, kí ẹ fi wé bàbà inú òpó nìkan. Èyí tó wà nínú fìríìjì, ẹ fi í sílẹ̀ níhòòhò, kó lè gba òtútù.

Ọ̀nà kejì lágbára ju ìyẹn lọ: fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà, mìlímítà 80, tó ń lo iná 12 V. Ẹ gbé e sínú àpótí ike kan nísàlẹ̀ fìríìjì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù jù, kí páìpù wáyà oníke mìlímítà 25 ti ibẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ lọ sókè òpó dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ náà gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sínú fìríìjì. Tí ẹ bá di gbogbo àyè inú òpó pa, fáànù á máa yí, òtútù kò ní gòkè.

Kí ẹ tó lu orí fìríìjì, ẹ wá ibi tí páìpù gáàsì rẹ̀ gbà. Ẹ po sítáàṣì àti sípíríìtì pọ̀ kó kì díẹ̀, ẹ fi kun ojú ibẹ̀, ẹ tan fìríìjì. Ibi tí páìpù gbígbóná bá wà ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, tí yóò sì fa ìlà funfun. Ẹ jìnnà sí ìlà yẹn. Tó bá jẹ́ fírísà oníderí lókè ni ẹ ní, ara rẹ̀ kún fún páìpù, ẹ má lu ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ láé. Ẹ fi pákó ṣe férémù láàárín ara rẹ̀ àti ìdérí, kí òpó dúró lórí ìyẹn. Fírísà yóò sì sọ ọtí di yìnyín tí ẹ kò bá fi ẹ̀rọ tó ń pa iná rẹ̀ ní 3°C sí i.

Iná NEPA ńkọ́? Níbi tí iná kò bá ti dúró, ẹ má dá ara yín lágara pẹ̀lú fìríìjì. Ẹ kan àpótí òpó yín sórí kúlà ńlá, kí ẹ ká páìpù irin tí kì í dógùn-ún, fífẹ̀ rẹ̀ ínǹsì 1/4, gígùn rẹ̀ mítà 15, sínú kúlà náà. Ẹ da yìnyín sí i, kí ẹ sì da omi lé e. Omi ṣe pàtàkì: yìnyín nìkan máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀, ìwọ̀nba ibi tó bá kan páìpù ló ń tutù, ṣùgbọ́n omi yìnyín á yí i ká pátá. Páìpù gígùn yìí a máa jẹ agbára púpọ̀, kẹ́ẹ̀gì tó wà níta sì gbóná, nítorí náà agbára tó lé ní 30 psi ni ẹ ó lò. Fún òde ìnáwó, kò sí òpó tó dára tó èyí.

Gáàsì ńkọ́? Sílíńdà CO2 kì í ṣe ti gáàsì ìdáná. Ní 20°C, agbára inú rẹ̀ ti tó nǹkan bí 830 psi. Tí ooru bá kọjá 31°C, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ á di gáàsì, agbára náà á sì máa ròkè. Sílíńdà tàbí régúlétọ̀ gáàsì ìdáná kò lè gbà á láé, àwọn èèyàn lè kú. Ẹ gbé e síbi òjìji, ní ìdúró, kí ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri. CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kò sì ní òórùn. Tó bá jò nínú yàrá tí a tì pa, ó lè pa ẹni tó sùn síbẹ̀. Fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí. Lẹ́yìn tí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ fi omi ọṣẹ kun gbogbo oríkèé, ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Ẹni tó fẹ́ gba ọtí ọkà bàbà tàbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sínú òpó yìí, ẹ jẹ́ kó parí híhó rẹ̀ kó tó wọ kẹ́ẹ̀gì, torí pé ọtí tó ṣì ń hó nínú irin tí a dé pa ń kó agbára jọ láìdúró. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀ nínú òtútù fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ihò mìlímítà 4.8 kì í pẹ́ dí.

Fífọ̀ rẹ̀ kò gba ọgbọ́n, ọwọ́ tí kò ṣàárẹ̀ ló gbà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi omi kọ́sítíìkì sódà, gíráàmù 20 sínú lítà 1, kún inú rọ́bà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọṣẹ mọ̀ ọ́n: sódà ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi lé sódà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó kan álúmíníọ̀mù. Ẹ fi omi ṣàn án títí tí kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Nígbàkígbà tí kẹ́ẹ̀gì bá tán, ẹ tú ẹ̀rọ palẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú rẹ̀. Bílíìṣì a máa jẹ irin tí kì í dógùn-ún ní ihò wẹ́wẹ́, tó bá sì pàdé fínígà, èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ má lò ó fún ẹ̀rọ. Lálẹ́, ẹ fi ìdérí kékeré dé ẹnu ẹ̀rọ, nítorí eṣinṣin wẹ́wẹ́ tó ń bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́pọ́n fẹ́ràn ibẹ̀, òun ló ń gbé ohun tó ń sọ ọtí di fínígà wọlé.

Tí ẹ bá wá fẹ́ bu ọtí, ẹ mú ife dàgẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ wọ inú ọtí, kí ẹ sì fa ọwọ́ ẹ̀rọ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń rọra fà á nítorí ẹ̀rù ìfófó, òun gan-an ló ń ṣe ìfófó náà, torí ojú ọ̀nà tó ṣí ní ìdajì ń fọ́ ọtí sí wẹ́wẹ́. Tí ife kìíní bá funfun tí ìkejì dára, ẹ tún wo òtútù òpó. Tí gbogbo ife bá funfun bákan náà, ẹ wo gígùn rọ́bà, kí ẹ wo bóyá gáàsì ti pọ̀ jù nínú ọtí. Tí ẹ bá rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbá gbùgbù nínú rọ́bà níbi tó ti kúrò lára kẹ́ẹ̀gì, ẹ yọ rọ́bà roboto kékeré tó wà lókè páìpù ọtí inú kẹ́ẹ̀gì, lábẹ́ ẹnu ọtí. Ó ṣeé ṣe kó ti là, kí gáàsì máa gba ibẹ̀ wọ inú ọtí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tún bu òmíràn.